Ìwé Wo Ló Yẹ Kí Kóòṣì Eré Sísá Kọ́kọ́ Rà? Ìfiwéra fún Àwọn Tó Ń Kọ́ Ọmọ ní Àbújá àti Agbègbè Rẹ̀

Bí ẹ bá bi àwọn kóòṣì tó máa ń kó ọmọ wá sí pápá ìṣeré Moshood Abiola ní Àbújá léèrè ìwé tí wọ́n fi ń ṣètò ìgbaradì, orúkọ òǹkọ̀wé kan, Bompa, ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ wá bi wọ́n pé apá ibo nínú ìwé náà ni wọ́n ń lò lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ilá. Kì í ṣe pé wọn kò kàwé. Irú ọmọ tó wà níwájú wọn kọ́ ni wọ́n kọ ìwé yẹn fún. Kàlẹ́ńdà inú rẹ̀ kò mọ̀ pé ọyẹ́ wà, kò mọ̀ pé ààwẹ̀ wà, kò sì mọ̀ pé wọ́n lè sún ọjọ́ ìdíje nígbà tí ọmọ ti múra tán.

Ìwé tó dára jù fún wa níbí, lójú tèmi, ni èyí tó ṣàlàyé ìdí tí iṣẹ́ kan fi ń ṣáájú òmíràn, kó jẹ́ pé bí ọjọ́ bá yí, àwa fúnra wa lè tún ètò náà tò. Èyí tó kàn to tábìlì sílẹ̀ pé lọ́sẹ̀ kẹta ẹ ṣe báyìí, lọ́sẹ̀ kẹrin ẹ ṣe tọ̀hún, owó rẹ̀ á dun yín. Ìwé mẹ́fà ni mo máa gbé yẹ̀ wò. Kò sí èyí tó burú nínú wọn, àmọ́ wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn rárá.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Ọjọ́ ìdíje ló ṣáájú, òun ló sì wúwo jù lọ́wọ́ mi. Gbogbo ètò tí àwọn kóòṣì ń pè ní periodization, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń kà á wá: ẹ mú ọjọ́ ìdíje, ẹ kà padà sẹ́yìn, ẹ wá pín oṣù tó wà láàárín sí ìgbà ìpìlẹ̀, ìgbà tí iṣẹ́ ń le, àti ìgbà tí a ń dín iṣẹ́ kù kí ara lè tú. Ní òkè òkun, wọ́n lè mọ ọjọ́ ìdíje ńlá ní ọdún méjì ṣáájú. Ẹ wo ìdíje eré ìdárayá gbogbogbòò ti orílẹ̀-èdè wa ní tiwa. Oṣù Kejìlá ni wọ́n ṣe ti 2018 níhìn-ín ní Àbújá. Èyí tó yẹ kó wáyé ní Ẹdó ní 2020, àrùn Kòrónà lé e dé oṣù Kẹrin 2021. Ìparí oṣù Kọkànlá 2022 ni ti Asaba bẹ̀rẹ̀. Oṣù Karùn-ún 2025 ni ti ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìdíje mẹ́rin tẹ̀ léra wọn, kò sí méjì tó bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kan náà. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi ìwé ni pé: bí wọ́n bá sún ọjọ́ yìí, ṣé o ní nǹkan tí o máa sọ fún mi?

Ọjọ́ orí ló tẹ̀ lé e. Àgbà eléré tó ti ń gbaradì fún ọ̀pọ̀ ọdún ni púpọ̀ nínú àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí ní lọ́kàn. Ọmọ ilé ìwé láti Kúbwà, Nyanya, Lugbe àti Karu, ọmọ ọdún méjìlá sí méjìdínlógún, ló pọ̀ lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ojú ọjọ́ àti ààwẹ̀. Òjò ń rọ̀ níbí láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, ọyẹ́ gba inú oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ooru oṣù Kẹta sì ni baba. Ramadan, ní tirẹ̀, ń fi ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá sún sẹ́yìn lọ́dọọdún. Ní 2026, àárín oṣù Kejì sí àárín oṣù Kẹta ló bọ́ sí, ìyẹn inú ìgbà inter-house gan-an, pẹ̀lú ooru.

Lẹ́yìn èyí ni irinṣẹ́ tí ìwé náà gbà pé ẹ ní, iye tó máa ná yín, àti bóyá ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé ní agogo mẹ́jọ alẹ́ lè kà á kó yé e.

Introduction to Coaching, ti World Athletics

Peter Thompson ló kọ ọ́ fún IAAF, àjọ eré sísá, fífò àti jíjù ti àgbáyé, ní 2009, ọdún mẹ́wàá kí àjọ náà tó yí orúkọ padà sí World Athletics. Ọ̀fẹ́ ni. PDF ni, ó sì ń ṣí lórí fóònù. Tí a bá ń sọ̀rọ̀ owó, ẹjọ́ ti parí.

Ohun tó dára jù nínú rẹ̀ ni bó ṣe pín ìgbésí ayé eléré sí ìpele márùn-ún. Eré ọmọdé ló ṣáájú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìgbà tí ọmọ ń ṣe oríṣiríṣi eré papọ̀. Ó kan kí ọmọ mú agbo eré kan, bíi sísá kíkan tàbí jíjù, lẹ́yìn náà ló tó mú eré kan ṣoṣo, kó tó wá di pé ó ń fi díje ní ìpele gíga. Kóòṣì tó bá ní ìpín yìí lórí ti rí ohun sọ fún òbí. Láti ìgbà tí Tobi Amusan ti fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sá hurdles (eré tí wọ́n ń fo igi ìdènà) 100 mítà ní Eugene, oṣù Keje 2022, tó sì gba àkọsílẹ̀ àgbáyé, òbí wo ni kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mọ́kànlá máa fo hurdles nìkan? Ìwé yìí á jẹ́ kí ẹ lè ṣàlàyé fún wọn wọ́ọ́rọ́wọ́ pé ọmọ tó ń fò, tó ń jù, tó sì ń sá, ló máa pẹ́ lórí pápá.

Ibi tó ti fẹ́lẹ́ ni ètò ọdún. Ó ṣàlàyé àyípo ńlá àti àyípo ọ̀sẹ̀ dáadáa, ó sọ bí iṣẹ́, ìsinmi àti ìmúbọ̀sípò ara ṣe so mọ́ra. Àmọ́ bí ẹ bá ní ọmọbìnrin tó ń wá ìṣẹ́jú àáyá 54 nínú 400 mítà, kò ní sọ iye mítà tó yẹ kó sá lọ́sẹ̀ fún yín. Àwọn kan máa ń fi ìwé náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Mo ti rí irú wọn tí wọ́n ní kí ọmọ ọlọ́dún mẹ́tàlá máa fò láti orí bíríkì sí orí kọnkéré, nítorí pé wọ́n gbọ́ pé àwọn ará Rọ́ṣíà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ ka ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yẹn ná.

Olùkọ́ ilé ìwé tí kì í ṣe kóòṣì rárá, tí wọ́n kàn gbé eré ìdárayá lé lọ́wọ́, tún lè wá Run! Jump! Throw! tí àjọ kan náà gbé jáde. Kóònù, okùn àti pápá lásán tó láti fi ṣe púpọ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀.

Periodization, ti Tudor Bompa

Ọmọ Romania ni Bompa. Ó kọ́ Mihaela Peneș tó gba góòlù nínú jíju ọ̀kọ̀ ní Tokyo 1964, lẹ́yìn náà ló lọ ń kọ́ni ní yunifásítì York ní Kánádà. Ìwé rẹ̀ kọ́kọ́ jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1983. Òun àti G. Gregory Haff ló ṣe ẹ̀dà karùn-ún, òun àti Carlo Buzzichelli ló ṣe ẹ̀dà kẹfà. Ẹ̀dà kẹrin tí òun nìkan kọ, 1999, ló rọrùn jù láti kà lójú mi. Bí ẹ bá rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù, ẹ má bẹ̀rù pé ó ti gbó.

Ìwé tó wúlò jù fún wa láti fi wo ọdún kan lódindi nìyí, ìdí rẹ̀ sì ya èmi gan-an lẹ́nu. Bompa ṣàlàyé ètò ọdún olókè kan, olókè méjì àti olókè mẹ́ta, ìyẹn iye ìgbà tí ara máa dé góńgó láàárín ọdún. Eré sísá òkè òkun ló bí ti olókè méjì: wọ́n máa ń sá eré abẹ́ òrùlé ní oṣù Kejì sí Kẹta nígbà òtútù, wọ́n á tún sá ti ìta ní oṣù Kẹfà sí Kẹjọ. A kò ní eré abẹ́ òrùlé níbí. Ṣùgbọ́n ẹ wo kàlẹ́ńdà ilé ìwé wa: inter-house ní oṣù Kejì sí Kẹta, ìdíje ìyàn ti orílẹ̀-èdè nígbà púpọ̀ ní oṣù Kẹfà sí Keje. Ó bọ́ sí ibi kan náà! Nítorí náà, ètò olókè méjì inú Bompa ṣeé gbé wá sí Àbújá láìtún un gé púpọ̀. Ìgbaradì tó gùn bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án nígbà tí ilé ìwé wọlé, òkè àkọ́kọ́ ní oṣù Kẹta, ìsinmi kékeré, ìgbaradì kejì tó kúrú, òkè kejì ní oṣù Keje, lẹ́yìn náà ìsinmi gidi ní oṣù Kẹjọ nígbà tí òjò ti sọ pápá di ẹrọ̀fọ̀.

Ohun kejì tí mo fẹ́ràn ni ìpele tó pín agbára sí. Ó kọ́kọ́ ń jẹ́ kí iṣan àti iṣu ẹran ara mọ iṣẹ́ pẹ̀lú ẹrù fúyẹ́ àti oríṣiríṣi eré tó pọ̀, kó tó wá kan agbára tó ga jù, kó tó sọ agbára náà di ìyára. Ìpele àkọ́kọ́ yẹn kò béèrè jíìmù. Ara ọmọ fúnra rẹ̀, àpò yanrìn, àtẹ̀gùn pápá ìṣeré, ó ti tó. Bí ọmọ bá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ nínú ìpele yìí ní oṣù Kẹwàá sí Kọkànlá, ẹ máa rí i nínú iye ọmọ tí kò ní dùbúlẹ̀ pẹ̀lú iṣan ẹ̀yìn itan nígbà inter-house.

Àmọ́ ìwé náà nípọn, gbogbo eré ni wọ́n sì kọ ọ́ fún: ìwẹ̀ lódò, bọ́ọ̀lù, ìjàkadì. Ẹni tó bá ń wá ètò 800 mítà á ṣí i títí. Ẹ̀yìn ìpele àkọ́kọ́ yẹn, ìṣirò lórí ìwọ̀n irin tó wúwo jù tí eléré lè gbé ló kúnnú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó yẹ kó dán irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ wò lára ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ẹ sì má gba àwọn tábìlì ibẹ̀ bí òfin. Ní 2012, John Kiely kọ àpilẹ̀kọ kan tó bi àwọn tó ń ṣe periodization léèrè bóyá ẹ̀rí ni wọ́n ń tẹ̀ lé àbí àṣà, nítorí pé ara ènìyàn méjì kì í gba iṣẹ́ kan náà bákan náà. Bompa dára láti fi ya àwòrán ọdún. Ohun tí ọmọ kan máa ṣe lọ́jọ́ Tuesday, ojú ọmọ náà ni ẹ máa wò.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ lọ wá Matveyev, ọmọ Soviet tí Bompa kẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ lára rẹ̀, ẹ kàn mọ orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì fi owó yín ra nǹkan mìíràn.

Sports Training Principles, ti Frank Dick

Frank Dick ni olórí ètò kóòṣì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1979 sí 1994, àsìkò tí Daley Thompson ń gba góòlù decathlon, ìdíje tó pa eré mẹ́wàá pọ̀. Inú eré sísá, fífò àti jíjù ni òun ti wá, ìyẹn sì hàn nínú ìwé rẹ̀. Ohun tí Bompa fi ìwẹ̀ ṣàpẹẹrẹ rẹ̀, Dick á fi 400 mítà tàbí shot put ṣe é. Ó tún kọ nípa ìbáṣepọ̀ kóòṣì àti eléré, nípa bí ọmọ ṣe ń dàgbà, nípa bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà ìdíje. Bí ó bá jẹ́ ìwé kan ṣoṣo ni àpò yín gbà, tí ẹ sì ti gba ti World Athletics tí wọ́n ń fún ni lọ́fẹ̀ẹ́ sórí fóònù, èyí ni màá ní kí ẹ rà, kì í ṣe Bompa. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ gbẹ díẹ̀, ó sì ń rìn gbẹ̀ẹ̀rẹ̀gbẹ̀ẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ eré wa ni.

Block Periodization, ti Vladimir Issurin

Èmi ò ní fún kóòṣì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìwé yìí, síbẹ̀ òun nìkan ló dáhùn ìbéèrè ọjọ́ ìdíje tó ń yí. 2008 ló jáde. Issurin ní kí a má ṣe gbogbo nǹkan papọ̀ fún oṣù gbọọrọ. Kí a mú nǹkan díẹ̀, kí a fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, kí a tó bọ́ sí òmíràn. Búlọ́ọ̀kù mẹ́ta ló ní. Èyí tó ń kó ìpìlẹ̀ jọ, bíi èémí àti agbára, ń gba ọ̀sẹ̀ 2 sí 6. Èyí tó ń sọ ìpìlẹ̀ náà di iṣẹ́ eré fúnra rẹ̀ ń gba ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Èyí tó ń jẹ́ kí ara tú kó sì yá fún ìdíje ń gba ọjọ́ 8 sí 15. Lẹ́yìn náà, ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Tábìlì kékeré kan ló mú mi fẹ́ràn rẹ̀. Ó sọ iye ọjọ́ tí ohun tí a ti kọ́ máa wà lára lẹ́yìn tí a bá dẹ́kun rẹ̀. Èémí gígùn: nǹkan bí ọjọ́ 30, kó dín márùn-ún tàbí kó lé márùn-ún. Agbára tó ga jù: ọjọ́ 30 bákan náà. Agbára láti fara da eré kíkan nígbà tí ẹsẹ̀ ti ń gbóná: ọjọ́ 18, kó dín mẹ́rin tàbí kó lé mẹ́rin. Eré àsápajúdé: ọjọ́ 5 péré, kó dín mẹ́ta tàbí kó lé mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká lò ó. Ọmọ yín ti múra tán, ó ku ọjọ́ mẹ́fà, lẹ́tà bá dé láti ọ́fíìsì pé ìdíje ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Kí ni púpọ̀ nínú wa ń ṣe? Àwọn kan á bínú, wọ́n á ní kí ọmọ lọ sinmi. Àwọn kan á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, wọ́n á máa lé ọmọ ká pápá. Tábìlì Issurin fi hàn pé méjèèjì kù díẹ̀ káàtó. Èémí rẹ̀ àti agbára rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ fún bí oṣù kan, kò sí ìdí láti padà sí ìpìlẹ̀. Ìyára ni kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ padà sí àárín fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ ṣe eré tó jọ ìdíje fúnra rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó sá 30 mítà tàbí 40 mítà kíkan-kíkan ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta pẹ̀lú ìsinmi tó péye. Lẹ́yìn èyí, ẹ tún dín iṣẹ́ kù bí ẹ ti ṣe tẹ́lẹ̀.

Tábìlì kan náà wúlò fún Ramadan. Ọmọ tó ń gbààwẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sá 300 mítà mẹ́fà nínú ooru oṣù Kẹta, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìyára rẹ̀ kú. Ẹ sún eré kúkúrú sí wákàtí kan tó ṣáájú ìṣínu, kí ẹ ṣe díẹ̀, kí ó lè mu omi kété tó bá parí. Èémí gígùn tí ẹ bá kó jọ títí di ọjọ́ tó ṣáájú ààwẹ̀ á gbé e dé nǹkan bí ìparí rẹ̀. Issurin kò kọ orí kankan nípa ààwẹ̀, àmọ́ ó fún yín ní ohun tí ẹ fi máa ronú rẹ̀.

Àléébù rẹ̀ kò kéré. Inú ìwẹ̀ àti ọkọ̀ wíwà ni àpẹẹrẹ rẹ̀ pọ̀ sí. Àgbà tó ti dé òkè téńté ni wọ́n fi wá àwọn òǹkà yẹn, ti ọmọdé lè yàtọ̀. Kò sì rọrùn láti rí rà. Bí ẹ kò bá tíì lóye Bompa tàbí Dick, búlọ́ọ̀kù á kàn di ọ̀rọ̀ ńlá tí ẹ fi ń ta sánsán níwájú àwọn kóòṣì ẹgbẹ́ yín.

Daniels' Running Formula, ti Jack Daniels

Èyí wà fún ẹni tó ń kọ́ni ní 800 mítà lọ sókè, títí dé marathon. Àwọn tó wà ní Jos, níbi tí ilẹ̀ ti ga tó nǹkan bí 1,200 mítà, tí afẹ́fẹ́ sì tutù, ni màá kọ́kọ́ tì í sí lọ́wọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, kò ṣòro. Ẹ mú àkókò tí ọmọ yín sá nínú ìdíje tòótọ́, ẹ wo tábìlì, ẹ máa rí òǹkà kan tó pè ní VDOT, òǹkà náà ló máa sọ bí ó ṣe yẹ kó yára tó nínú ìgbaradì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá sá 5,000 mítà ní ìṣẹ́jú 19 àti ìṣẹ́jú àáyá 57, VDOT rẹ̀ jẹ́ 50. Eré tó le díẹ̀ tó yẹ kó lè fi gba bí ogún ìṣẹ́jú máa jẹ́ ìṣẹ́jú 4 àti àáyá 15 fún kìlómítà kan. Tó bá ń sá 400 mítà kúkúrú láti fi kọ́ ìyára, àáyá 87 ni, kò gbọ́dọ̀ yára jù bẹ́ẹ̀. Ohun tó gbà mí lọ́kàn níbẹ̀ ni "kò gbọ́dọ̀ yára jù" yẹn. Ọ̀pọ̀ kóòṣì wa kò mọ̀ ju "sáré! sáré!" lọ.

Stopwatch kan ni gbogbo irinṣẹ́ tó ń béèrè. Ó sì dínwó sí Bompa dáadáa. Ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ni ooru: àkókò inú tábìlì kì í ṣe fún agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní Gwagwalada nínú oṣù Kẹta. Agogo mẹ́fà àárọ̀ ni kí ẹ fi wọ̀n wọ́n.

Kóòṣì 100 mítà kò nílò rẹ̀ rárá.

Ìwé Charlie Francis lórí eré àsápajúdé

Mo mọ̀ pé àwọn kan á bínú tí wọ́n bá rí orúkọ yìí. Francis ni kóòṣì Ben Johnson, ẹni tí wọ́n gba góòlù lọ́wọ́ rẹ̀ ní Seoul 1988 nítorí oògùn. Síbẹ̀, ọ̀nà tó gbà to ọ̀sẹ̀ ṣì wà nínú iṣẹ́ àwọn kóòṣì eré àsápajúdé káàkiri ayé: ọjọ́ iṣẹ́ kíkan-kíkan, ọjọ́ iṣẹ́ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kò sí àárín. Ẹni tó bá sá kíkan lónìí, ó di ìwọ̀n wákàtí 48 kó tó tún sá kíkan. Láàárín rẹ̀, kó ṣe eré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí koríko.

Fún ọmọ wa tó ń fi bọ́ọ̀sì rìn láti Mararaba, tó ti lo wákàtí kan lójú ọ̀nà kó tó dé pápá, òfin ìsinmi yìí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ti rò lọ. Àmọ́ iye iṣẹ́ tó kọ sílẹ̀ fún àgbà eléré rẹ̀, ẹ má dà á kọ. Ara tí oògùn ń ràn lọ́wọ́ láti bọ̀ sípò kọ́ ni ara ọmọ yín.

Ọmọ kan, ìwé mẹ́fà

Ẹ jẹ́ ká ní ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún kan wà ní Karu, ó ń sá 400 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 59, ilẹ̀ pupa ni pápá ilé ìwé rẹ̀, ó sì máa ń gbààwẹ̀. Ìwé World Athletics á ní kí ó má tíì dúró sórí 400 nìkan, kó máa sá 200, kó gbìyànjú 800, kó fo hurdles díẹ̀. Dick á gbà bẹ́ẹ̀, á sì fi bí ẹ ṣe máa tò ó sínú ọdún kún un. Bompa á fún un ní òkè méjì, oṣù Kẹta àti oṣù Keje, pẹ̀lú oṣù méjì àkọ́kọ́ fún ara líle. Francis á ní kí ìyára ṣáájú: tí 100 mítà rẹ̀ bá lọ láti àáyá 13 sí 12.5, 400 náà á tẹ̀ lé e. Daniels á dákẹ́, àfi tó bá lọ sí 800. Issurin á dúró sí ẹ̀gbẹ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá sún ìdíje tàbí tí oṣù ààwẹ̀ bá wọlé, ọjọ́ yẹn ni ẹ máa mọ̀ pé owó rẹ̀ kò ṣòfò.

Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ìwé méjì péré ni ọmọ yìí nílò lọ́dún yìí, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ríra wọn

Dọ́là ni wọ́n fi ń ta márùn-ún nínú mẹ́fà náà, ẹ sì mọ ohun tí dọ́là ń ṣe fún náírà. Ẹ̀dà tí wọ́n ń kà lórí fóònù máa ń dínwó ju ti bébà lọ, kò sì ní owó ìfiránṣẹ́. Àwọn kóòṣì mẹ́rin tàbí márùn-ún lè dáwó jọ ra Bompa kan, kí wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn lóṣooṣù. Ẹ̀dà ayédèrú tí wọ́n fi fótókópì ṣe wà káàkiri, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí pé olè ni, tábìlì inú wọn kì í hàn, bẹ́ẹ̀ tábìlì ni a torí rẹ̀ wá.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tàbí girama: ti World Athletics, kí ó má náwó kankan sí i. Kóòṣì tó ní ẹgbẹ́ eléré ọmọdé àti ọ̀dọ́, tó ń ṣe oríṣiríṣi eré: ẹ fi Dick kún un. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ yunifásítì tàbí ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀, tó ní jíìmù, tó sì ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú eléré kan náà, kó ra Bompa, kó sì wá Issurin lẹ́yìn ọdún kan. Tí ẹ bá jẹ́ kóòṣì ìpínlẹ̀ tí ìdíje orílẹ̀-èdè ni gbogbo iṣẹ́ yín dá lé, ẹ má jẹ́ kó tó ọdún kan. Kóòṣì 100 àti 200 mítà: Dick, kẹ́ ẹ sì ka Francis pẹ̀lú ojú tó là. Àwọn ará Jos àti ẹnikẹ́ni tó ń kó ọmọ lọ sí eré ojú títì: Daniels, ẹ má wulẹ̀ wá òmíràn ní ọdún àkọ́kọ́.

Àwọn tó ń kọ́ jíju shot put àti ọ̀kọ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ṣòro jù, nítorí pé nínú gbogbo èyí, ojú ewé díẹ̀díẹ̀ ló kàn wọ́n. Bompa fún agbára, Run! Jump! Throw! ti World Athletics fún àwòrán bí wọ́n ṣe ń jù ú. Ìyókù, ẹ wá kóòṣì tó ti ju ọ̀kọ̀ rí, kí ẹ jókòó tì í.